Ohùn Tó Kí Wọn Níbi Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ ọ̀nì ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún àwọn ará ilé wa ní Agége pé mo rí ọ̀nì kan nínú gọ́tà ẹ̀yìnkùlé, pé ó yọ orí síta, ó wò mí, ó sì sáré padà bí ẹni tó rántí pé òun gbé nǹkan sórí iná. Mo kàn fẹ́ kí ọjọ́ náà ládùn ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé kọ̀, wọn ò lọ sí ilé ìwé. Ìyá tó ń dín àkàrà níwájú ilé gbé agbada rẹ̀ lọ sí òdìkejì títì. Lánlọ́ọ̀dù kó àwọn géńdé wá tàwọn tigi gígùn. Wọ́n wá ọ̀nì títí. Èmi náà bá wọn wá a, nítorí nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, èmi gan-an ti ń gbà á gbọ́.

Ọmọ mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n sì fẹnu kò pé kí n máa lọ sinmi nílé, ní Ìjẹ̀bú. Ìsinmi! Ilé tí bàbá mi kọ́ ni, kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn tí a jọ ṣeré níbẹ̀ ti lọ tán, etí èyí tó kù sì ti di. Ta ni mo fẹ́ máa pa ìtàn fún? Ọmọ mi gbé báàgì ńlá onílà pupa àti búlúù sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń kó aṣọ mi sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n rí i. Mò ń rí i.

Ẹsẹ̀ mi kì í gbé ojú kan. Látìgbà tí mo ti kúrò ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe abọ́ onírin ní Ìkẹjà, bí mo bá jókòó, ó máa ń dà bíi pé wọ́n dáná sábẹ́ àga mi. Màá rìn dé ibùdó rélùwéè, màá padà, màá tún lọ. Ìwé tí mo kà kò kọjá prámárì kẹrin, torí ọdún tó yẹ kí n wọ ìkarùn-ún ni òrùlé ilé ìwé wa bá afẹ́fẹ́ lọ. Àwọn kan ní páànù díẹ̀ ló ṣí. Èmi tí mo wà níbẹ̀ ní odidi òrùlé ni, tòun ti ẹyẹlé tó bà lé e.

Ìtàn nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Nílé iṣẹ́ wa nígbà yẹn, bí a bá jókòó jẹun ọ̀sán, èmi ni wọ́n ń pé lé lórí. Ọjọ́ kan wà tí ìtàn mi dùn débi pé fèrè tó yẹ kó ké pé ká padà sẹ́nu iṣẹ́ gbàgbé láti ké. Ọ̀gá wa ní iná ló lọ. Ó lè sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí báàgì yẹn ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ọmọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kó má baà rí àyè kó aṣọ mi. Ṣọ́ọ̀bù náà kò jìnnà sí ojú irin. Fídíò ló ń ṣe, ti ilé iṣẹ́, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti àwọn tó ń polówó ọjà. Kò sí bí èèyàn ṣe lè gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú irin ò bá kọjá, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á máa hó. Bí jẹnẹrétọ̀ bá dákẹ́, kẹ̀kẹ́ méjì á forí gbárí, àwọn tó ń wà wọ́n á sì máa sọ ìtàn ìran ara wọn. Ìdí nìyẹn tó fi ń lo ohùn tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní éè-áì. Èèyàn á kọ ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á sọ ọ́ jáde. Ẹ̀rọ kì í gbọ́ ariwo, kì í sì í bèèrè omi.

Alàájà kan gbé iṣẹ́ wá, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tiwa, tó ní ilé búrẹ́dì ńlá kan níbẹ̀ ní Agége. Ó fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ ìmọ́tótó, kí wọ́n má sì fara pa, ló bá ra tẹlifíṣọ̀n ńlá kọ́ sára ògiri, pé kí fídíò máa bá wọn sọ ọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ bo irun yín. Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ má jẹ́ kí ìka yín sún mọ́ ẹ̀rọ tí ń tẹ ìyẹ̀fun pípò. Ọmọ mi ṣe é, àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n Alàájà tún padà dé.

“Ìyá fídíò,” ó ní, “àwọn òṣìṣẹ́ mi ò wo nǹkan tó o ṣe o. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sí i.”

“Kí ni wọ́n ló ṣe, Màmá?” ọmọ mi bi í.

“Wọ́n ní ó ń pàṣẹ. Wọ́n ní ó dà bí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ nà. Èmi alára, bó ṣe ní ‘ẹ fọ ọwọ́ yín,’ ńṣe ni mo wo ọwọ́ mi bíi pé mo jalè.”

Ẹ̀rín bú mọ́ mi lẹ́nu níbi tí mo jókòó sí. Alàájà yíjú.

“Bàbá, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ o.”

“Kò kí wọn ni,” mo dá a lóhùn. “Ẹnì kan á wọlé tọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́, kò ní kí wọn, á ní kí wọ́n lọ fọwọ́. Èmi náà á kọ ẹ̀yìn sí i.”

Alàájà wò mí láti òkè délẹ̀. “Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà náà.”

Bó ṣe jáde, ọmọ mi ti ilẹ̀kùn.

“Bàbá, oníbàárà mi tó tóbi jù nìyẹn o.”

“Mo mọ̀.”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nì.”

“Ọ̀nì wo?”

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní bí Alàájà bá gba èyí tí mo bá kọ, òun á sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n òun pé òun ti rí iṣẹ́ fún mi, n kò ní lọ síbì kankan. Bó bá tún dá a padà, ọkọ̀ Ìjẹ̀bú ni lọ́jọ́ Sátidé, òun fúnra òun á sì gbé báàgì náà dé gáréèjì.

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni mò ń kọ ọ́ sí, ọmọ mi á wá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ó ṣàlàyé fún mi pé ibi tí mo bá fi kọ́ńmà sí ni ohùn náà máa ti mí díẹ̀. Háà! Pé èmi ni mo máa sọ ibi tí ẹ̀rọ máa ti mí? Mo da kọ́ńmà sí i bí ẹni da ata. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀ jáde, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí màlúù lé láti Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, wá.

“Bàbá, ó ń kú lọ!” ọmọ mi pariwo.

Mo yọ kọ́ńmà kúrò. Ó wá ń sọ̀rọ̀ lọ láìmí rárá, ó sì wá jẹ́ pé àyà èmi tí mò ń gbọ́ ọ ló ń há.

Mo dìde. N kò lè jókòó kọ ọ́. Mò ń rìn láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù dé ojú irin, mò ń sọ ọ̀rọ̀ náà sókè, mò ń fetí sí ibi tí èémí mi ti ń tán. Ibi tó bá ti tán, màá sáré padà lọ fi àmì sí i. Oníkẹ̀kẹ́ kan dúró.

“Bàbá, ta lẹ̀ ń bá jà?”

“Ẹni tí kò fọwọ́!”

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì yára wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìrìn yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kò sí gbólóhùn gígùn lẹ́nu ẹni tó wà lórí ìdúró. Á sọ díẹ̀, á dákẹ́, á wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, á ní “àbí?”, á tún máa bọ̀. Mo fi “àbí” sí i. Mo fi “ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n” sí i. Mo tiẹ̀ jẹ́ kó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ níbì kan, kó ní “kí ni mo tiẹ̀ ń wí?” kó tó rántí. Ọmọ mi ní ẹ̀rọ kì í gbàgbé. Mo ní ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fẹ́ràn rẹ̀.

Mo wá jẹ́ kó kí wọn, kíkí tó délé:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ààrò, ẹ kú ooru. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń po ìyẹ̀fun, ẹ kú làálàá. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ̀ ń di búrẹ́dì sí ọ̀rá, ẹ kú ìdúró. Ṣé ara le? Ilé ńkọ́? Ẹ̀ẹ́n. Mo ní kí n yà kí yín ni. Ìka ọwọ́ yín yẹn, bí mo ṣe bá a láàárọ̀ ni kí n bá a nírọ̀lẹ́ o. Àbí?”

Ọmọ mi wá ohùn àgbàlagbà kan fún un nínú ẹ̀rọ, ohùn tó há díẹ̀ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Bó ṣe ní “Ẹ kú iṣẹ́ o,” mo rí i tí orúnkún ọmọ mi rọ̀ sílẹ̀, kó tó rántí pé kò sẹ́nì kankan níwájú òun. Mo rí i o. Ńṣe ni inú mi dùn. Alàájà gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e lọ. Nígbà tí mo délé, mo yọ ẹ̀wù méjì àti fìlà mi jáde nínú báàgì.

Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. A ń gbọ́ ohùn Alàájà láìfi sétí.

“Ìyá fídíò, bàbá rẹ fẹ́ ti ilé iṣẹ́ mi pa o! Búrẹ́dì ń jóná!”

A wọ kẹ̀kẹ́. Ọmọ mi kọjú síta lọ́nà, kò wo ojú mi. Láti òpin àdúgbò ni a ti ń gbóòórùn èéfín. Búrẹ́dì tí wọ́n kó jáde sẹ́nu ọ̀nà dúdú débi pé ológbò dúdú kan ń fi ara nù ún, ó rò pé ìyá òun ni. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi ológbò náà.

A wọlé. Gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ, ooru, ariwo ẹ̀rọ, àwọn obìnrin tó ń di búrẹ́dì sí ọ̀rá. Fídíò náà parí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Òo! Ẹ ṣé o, Bàbá!”

Gbogbo ilé ló dáhùn. Àwọn tó ru pátákó búrẹ́dì gbé e sílẹ̀. Àwọn obìnrin ìdí ọ̀rá kúnlẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin ìdí ààrò gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Ooru ti mọ́ wa lára, Bàbá,” búrẹ́dì sì ń pọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ara le? Ara le, a dúpẹ́. Ilé ńkọ́? Ibẹ̀ ló wá burú sí. Wọ́n ń ròyìn ilé. Ẹnì kan ní ibà ọmọ òun ti ń lọlẹ̀. Kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́ dáadáa, fídíò ti parí, ó tún ti ń kí wọn.

“Ṣé ẹ rí i?” Alàájà ké. “Láti àárọ̀! Ẹ̀rọ ni, mo ti sọ fún yín, ẹ̀rọ ni!”

Obìnrin kan tó ga, tó ń di búrẹ́dì, kò tiẹ̀ bẹ̀rù.

“A mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, Màmá. Ṣùgbọ́n ó kí wa.”

“Ẹ má dá a lóhùn!”

“Kí ohùn àgbàlagbà kí wa níbi iṣẹ́, ká dákẹ́? Ta ló bí wa bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin náà sì dá a lóhùn láàárọ̀, Màmá.”

“Òjijì ló bá mi!”

Ẹ̀rín ti ń gùn mí bọ̀. Ìgbà náà ni mo rí ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ tí ń tẹ ìyẹ̀fun. Ohùn náà kí wọn. Ọkùnrin náà gbé ojú sókè sí tẹlifíṣọ̀n, ó ní “Òo,” ọwọ́ rẹ̀ sì ń ti ìyẹ̀fun lọ sẹ́nu ẹ̀rọ bó ṣe mọ́ ọn lára, láìwò ó. Díẹ̀ ló kù fún ìka rẹ̀. Mo figbe ta. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Kí igbe mi tó tán, ọmọ mi ti fa wáyà tẹlifíṣọ̀n yọ.

Ọkùnrin náà wo ìka rẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Bàbá, kò ṣe nǹkan.” Ọ̀rọ̀ tí mo kọ pé kí ìka má wọ ẹ̀rọ ló fẹ́ tì í wọ̀ ọ́. N kò rí ìtàn kankan tí mo lè fi bo ìyẹn.

Ọmọ mi ní ká yọ ìkíni kúrò, kó parí. Alàájà ní bí a bá yọ ọ́, wọ́n á tún kọ ẹ̀yìn sí i. Ó wá ní kí ọmọ mi má ṣe ìyọnu mọ́, òun á wá ẹlòmíì. Ọmọ mi wò mí, ó sì gbójú sílẹ̀. N kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ Sátidé fún mi.

Mo jáde sí àgbàlá. Mò ń lọ, mò ń bọ̀ láàárín àpò ìyẹ̀fun àti ọkọ̀ tí wọ́n ń kó búrẹ́dì sí. Obìnrin tó ga yẹn jáde tòun ti pátákó búrẹ́dì lórí. Ó kúnlẹ̀ bí ẹrù náà ṣe gbà á láàyè.

“Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín.”

Mo dá a lóhùn, mo bèèrè ilé, ó ròyìn. Ó lọ gbé ẹrù sínú ọkọ̀, ó padà wọlé, ó sì tún gbé òmíràn jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọjá lára mi fìrì.

“A ti kíra o, Bàbá!”

Kò dúró. Kò wojú mi. Èmi náà kò sì dúró, “Ẹ̀ẹ́n” lásán ni mo sọ, mò ń rìn lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ mi wá dúró fúnra rẹ̀.

Mo sáré wọlé, bí arúgbó ṣe lè sáré.

“A ti kíra!” mo ní. “Àlejò la sọ ọ́ dà. Ní gbogbo ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ jẹ́ kó kí wọn láàárọ̀, nígbà tí wọ́n bá péjọ, tí wọn ò tíì tan ẹ̀rọ. Bó bá ti di ẹ̀yìn ìgbà náà, kó máa sọ pé a ti kíra.”

Ọmọ mi ronú díẹ̀. “Àti àwọn ìbéèrè, Bàbá. ‘Ṣé ara le,’ ‘àbí,’ gbogbo ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bi ní ìbéèrè á fẹ́ dáhùn.”

Òótọ́ ni. Mo fẹ́ràn “àbí” yẹn púpọ̀, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó lọ.

“Ẹ sọ ọ́ ká gbọ́,” ni Alàájà wí. Kò tíì tú ojú ká.

Mo yí ẹ̀yìn sí àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n má wò mí lẹ́nu, mo pariwo: “Èmi náà ni o. A ti kíra láàárọ̀. Ẹ má wò mí. Ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ wò.”

“Ẹ̀ẹ́n,” ni wọ́n sọ. Ọmọ mi ní ẹnikẹ́ni kò gbé orí sókè. Alàájà ní òun á gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ó tán.

Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, n kò lè jẹun. Mo rìn dé ojú irin, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì, mo padà láìwọlé. Láti àárọ̀, n kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Oníkẹ̀kẹ́ ọjọ́sí bi mí bóyá ara mi ò yá. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Alàájà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ gèlè fẹ́ ara rẹ̀.

“Búrẹ́dì kankan ò jóná,” ó ní. “Wọn ò gbójú sókè. Ọ̀kan tiẹ̀ lọ fọ ọwọ́ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ní ojú Bàbá ń ti òun.”

“A dúpẹ́, Màmá,” ọmọ mi sọ.

“Má tíì dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, wọ́n kọjá níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní ‘Bàbá, ó dàárọ̀ o.’ Ó ní kí wọ́n bo irun wọn! Inú bí wọn. Wọ́n ní ó kí àwọn láàárọ̀, àwọn ń lọ sílé, kò dágbére. Wọ́n ní ṣé àwọn ṣẹ̀ ẹ́ ni.” Ó dìde. “Ẹ bá mi kọ ìdágbére sí i. Kó wà nílẹ̀ ní Mọ́ńdè.”

Nígbà tó lọ tán, ọmọ mi kò wò mí. Ó ń ká wáyà.

“Bàbá, ṣé ẹ máa lè kọ ọ́ tán kí ọkọ̀ yín tó lọ lọ́la?”

“Ọkọ̀ wo?”

Ó rẹ́rìn-ín. Látìgbà ọ̀rọ̀ ọ̀nì, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Nígbà tí a délé, ó da gbogbo aṣọ mi sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì kó àwọn wáyà àti iná fídíò rẹ̀ sínú báàgì onílà náà.

Mo jókòó ti kàlẹ́ńdà mi. Ìdágbére kò wá. Gbogbo èyí tí mo kọ ló ń dún bí ẹni tí wọ́n lé nílé. Ó dàárọ̀ o, mò ń lọ. Mo fagi lé e. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Mo fagi lé e. Mo dìde, mo rìn yí ilé ká, kó tó yé mi pé kì í ṣe ohùn yẹn ló ń lọ. Àwọn ni wọ́n ń lọ. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo kọ ọ́ lórí ìdúró: “Ẹ ṣeun o. Ẹ bá mi kí ilé. Èmi wà níbí.”

Mo kà á sókè, mo sì fetí sí èémí mi. Ó tó.

Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ẹ̀yìnkùlé ni mo dúró sí. Ìyá alákàrà, tó ti gbé agbada rẹ̀ padà wá sí ààyè rẹ̀, ń da omi nù.

“Bàbá, kí lẹ̀ ń wò níbẹ̀?”

Mo gbé ìka sétè.

“Rọra. Méjì ni wọ́n báyìí.”

“Bàbá!” ọmọ mi ké láti inú ilé.